Iyọ̀ Lára Ẹja Àrọ̀

Ẹja tí kò lórí mọ́ ta pọ́ún lọ́wọ́ mi! Mo jù ú sílẹ̀, mo figbe ta: "Yéè! Màmá àgbà, ó ti jí o!" Màmá àgbà ti gé orí rẹ̀, wọ́n ti yọ ìfun rẹ̀ dànù, èmi fúnra mi ni mo fi omi ṣàn án. Iyọ̀ lásán ni wọ́n ní kí n fi pa á lára, àfi bí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fò nínú abọ́.

Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń yan tà ní Ore, lẹ́yìn ilé wa, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Bìní láti àárọ̀. Ẹni tó ń sin ẹja ní Omifunfun ló máa ń gbé e wá lórí ọ̀kadà, nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀. Òórùn èéfín igi kì í kúrò lára ìró Màmá àgbà, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ojo!" ni wọ́n pè mí. "Òkú ẹja ló ń lé ọ kiri yìí? Ó ti kú, ẹran ara rẹ̀ ni kò tíì gbọ́."

Lónìí, olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí, mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àká kéékèèké wà nínú ẹran ara, kálísíọ̀mù ló kún inú rẹ̀. Bí iyọ̀ bá kan ẹran tútù, á ta á jí, ìlẹ̀kùn àká á ṣí, kálísíọ̀mù á tú jáde, ẹran á sì fà. Agbára tó bá ṣẹ́ kù nínú ẹran ló ń dá kálísíọ̀mù padà sínú àká, kí ẹran tó lè dẹ̀. Bí agbára yẹn bá tán pátápátá, ẹran á le gbagidi, iyọ̀ odindi ọjà kò sì lè mú un mira mọ́. Ta ni ìbá ti ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ ọdún méje?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi ti oko kòkó dé láti Araromi-Obu, wọ́n ní àyà ń dun àwọn. Wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò jí. Háà! Ẹni tó bá mi ṣeré lálẹ́ àná! Igbe gba ilé kan. Àwọn obìnrin ìjọ kún iwájú ilé, wọ́n di ìyá mi mú. Kò sẹ́ni tó rí mi nígbà tí mo gba ilé ìdáná lọ, tí mo bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

Mo wọ yàrá. Mo ṣí aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá mi, mo fi iyọ̀ pa á lára dáadáa bí Màmá àgbà ṣe kọ́ mi. Ẹsẹ̀ náà tutù, ó sì le. "Bàbá, ẹ dìde," ni mo ń wí. Mo dúró. Mo tún bù sí i.

Màmá àgbà ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n rí mi, wọ́n rí iyọ̀. Mo yára fọwọ́ bojú, nítorí ìgbátí wọn kì í tàsé. Wọn ò gbá mi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n bi mí: "Ọmọ mi, ṣé ó mira?"

"Rárá, mà."

Wọ́n fi etí ìró wọn nu iyọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ wọn, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìsunkún.

Ẹnu ṣì ń yà mí títí dòní. Obìnrin tó ti ń pa ẹja láti ìgbà ọmọge, tó mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè ju ẹnikẹ́ni ládùúgbò lọ, àwọn ló bi ọmọ ọdún méje ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀! Wọn ò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà títí tí àwọn náà fi lọ. Bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ bá wá bi mí ní ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, n kì í bá a jiyàn. Mo máa ń jókòó tì í, mo sì máa ń dá a lóhùn.