Àbúrò Mi Pè Láti Ilé Ìwẹ̀

Ọdún tí wọ́n ṣí ilé kọ̀ǹpútà sí Olúpọ̀nnà ni àbúrò mi obìnrin lọ ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nílẹ̀ Lárúbáwá. Yàrá kan péré ni ilé náà, sólà wà lórí òrùlé rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ilé wa, nítorí náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi àti màámi á lọ jókòó síwájú ẹ̀rọ kan níbẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, á bá wa ṣí i, a ó sì máa wo ojú àbúrò mi bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń rín. Nígbà tó yá, ó ń rù, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀.

Ní Jímọ̀ kan, inú ilé ìwẹ̀ ló ti pè wá. Ojú rẹ̀ kan ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọ̀gá mi ti gba pásípọ́ọ̀tù mi. Wọn ò jẹ́ kí n jáde. Ẹ wá mú mi."

Màámi fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ náà mú. "Níbo lo wà? Sọ ibi tó o wà fún mi!"

"Mo ń tẹ àdírẹ́sì náà ránṣẹ́, ẹ dúró..."

Bí gbogbo ẹ̀rọ inú yàrá ṣe kú nìyẹn.

Àǹtí sáré lọ wo bátìrì. Bátìrì náà ti ń ṣe ségesège láti bí oṣù kan. Àǹtí ti kọ̀wé títí sí àwọn tó gbé àwọn ẹ̀rọ náà wá, wọn ò dá a lóhùn. "Màmá, àfi kí oòrùn ràn," ló wí. Òjò sì ti ṣú.

Àǹtí tilẹ̀kùn, ó bá wa gun ọ̀kadà lọ sí Ìwó. Òjò pa wá dé ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tá a kọ́kọ́ yà kò ní iná. Èkejì kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Màámi kúnlẹ̀ fún wọn, àwọn ọmọ tí kò tó ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, nítorí Ọlọ́run."

Ọmọbìnrin kan dìde kíákíá, ó ń sunkún. Àǹtí jókòó, ó ṣí ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi máa ń wọlé sí. Orúkọ ìlú kan la bá níbẹ̀, àti "lẹ́yìn mọ́sálásí". Kò sí nǹkan mìíràn. A ń tẹ ìbéèrè ránṣẹ́ sí i títí wọ́n fi fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, kò dáhùn.

Ọkùnrin tó bá a wá iṣẹ́ náà, tó sì mú un lọ sọ́hùn-ún, ti kó kúrò nílé. Àwọn ọlọ́pàá ní ká mú orúkọ àdúgbò wá. Màámi kò jẹun gidi mọ́, ó kàn ń fi tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ ṣàdúrà.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, àbúrò mi sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ilé wa, ọ̀rá kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti sá jáde. Àwọn kan ló ṣàánú rẹ̀ tí wọ́n bá a gba ìwé ìrìnnà, tí wọ́n sì sanwó bàálù tó gbé e wálé.

Èmi nìkan ló sọ tọjọ́ tó pè wá láti ilé ìwẹ̀ fún. Ó ní àwòrán wa ò kúrò lójú fóònù, ó rò pé a ṣì ń gbọ́. Ó ń ro ohun tójú rẹ̀ rí fún wa lọ títí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi já ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wọlé, tí wọ́n gba fóònù náà. N ò tíì lè sọ ọ́ fún màámi.