Ìkúnlẹ̀ Ìyá Ọlábísí

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ o, ẹ̀yìn ríro kọ́ ni yóò pa Ìyá Ọlábísí, agídí ni. Aládùúgbò mi ni ní Norcross, ní Amẹ́ríkà níbí. Bí ó bá fẹ́ dìde lórí àga, á kọ́kọ́ bú àga náà ná. Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mú ìgò òróró nílẹ̀, òun àti òróró ló jọ balẹ̀. Ni Ọlábísí ọmọ rẹ̀ bá ní ó tó gẹ́ẹ́: "Mummy, bí therapist tó fẹ́ yẹ ẹ̀yìn yín wò bá ní ẹ ò lè dá gbé mọ́, Buford lẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Saturday."

Inú bí obìnrin náà! Ilé tí àtẹ̀gùn kún inú rẹ̀, tí kò sẹ́ni tí èèyàn á bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án! Mo tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ therapist, kí n lè bá a bẹ̀bẹ̀.

Rachael ni therapist náà ń jẹ́, obìnrin bí ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ní kí Ìyá Ọlábísí fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ó gbé e, ó gbọ̀n, ó di ògiri mú. Ó tún un ṣe, bákan náà. Mo ní Buford ti dé nìyẹn.

Rachael wo orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín. "Oyèkànmí? Èmi náà o, ma. Daddy mi, Akínfẹ́mi, ará Ìkirè ni. School ni wọ́n wá ṣe níbí, ibí ni wọ́n bí mi sí."

"Akínfẹ́mi, àbúrò bàbá ọkọ mi? Ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

"Seventy-four, ma."

"Háà! Ẹ ti wà láyé kí n tó wọlé yín! Ọkọ mi ni yín o!" Ká tó ṣẹ́jú, eékún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀.

Rachael figbe ta: "She fell! She fell!"

"Ta ló ṣubú? Mò ń kí ọkọ mi ni!"

Rachael nawọ́ láti fà á dìde, ó kọ̀. Kí ọkọ máa wá fa òun? Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó tẹ itan ara rẹ̀, ó ní "Yéè, ẹ̀yìn mi o," ó sì dìde, kò ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n.

Rachael kọjú sí Ọlábísí. "Ẹni tó lè lọ sílẹ̀, tó tún dìde fúnra rẹ̀? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé wọn. Kí wọ́n máa kúnlẹ̀ báyìí every morning, but kí wọ́n di àga mú."

"Mummy, ẹ máa wá kúnlẹ̀ fún mi. Oyèkànmí lèmi náà."

"Ìwọ tí mo bí? Orí ẹ ò pé!"

Nínú mọ́tò, Ọlábísí pe àwọn tó fẹ́ wá kó ẹrù, ó ní kí wọ́n má wá mọ́. Ìyá Ọlábísí di ọwọ́ mi mú pinpin. Èmi ni mo bú sẹ́kún.

"Alhaja," ó ní, "ẹ rọra, ẹ ń sunkún sí mi láṣọ."