Ojú Ọmọ Mi àti Fíìmù Ṣáínà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkèrèwè, ilé kan ṣoṣo ló ní fídíò ní àdúgbò wa. Ní ọ̀sán Sátidé, àwa ọmọdé a máa tò sí ojú fèrèsé wọn láti wo fíìmù Ṣáínà. A kò gbọ́ èdè wọn, a kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò dí wa lọ́wọ́. Ẹni tó ń jà fún òtítọ́ là ń pè ní àkítọ̀, ọ̀gá àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì, gbogbo wa la sì mọ òfin ibẹ̀: àkítọ̀ kì í kú.

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn tí ìjà àti ẹ̀fẹ̀ wọnú ara wọn. Àkítọ̀ inú wọn kì í ṣe akíkanjú. Ẹ̀rù máa ń bà á. Ó lè lu ènìyàn mẹ́ta bolẹ̀, kó wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí ìka ara rẹ̀ nítorí pé ó ń ta á. Àga, àkàbà, garawa omi, gbogbo rẹ̀ ló fi ń jà, èyí tó pọ̀ nínú wọn a sì padà wá gbá òun náà. Láti kékeré ni ẹ̀rù ti máa ń tètè bà mí. N kò rí ojo tó borí rí, àfi níbẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin. Omi tó bá hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń mu. N kò jẹ́ kó gun ọ̀kadà títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ní alaalẹ́ ni mo ń yẹ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rẹ̀ wò bóyá ó ti ya. Ojú rẹ̀ nìkan ni n kò ṣọ́. Bàbá mi fi ọdún mẹ́fà fọwọ́ tá ògiri rìn kí wọ́n tó kú, a ní ogbó ni. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta péré ni wọ́n lò láyé. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àrùn ojú tó ń bá ìdílé rìn ni, pé ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín, àti pé kì í dunni.

Nígbà tí a fi máa mọ̀, ojú òsì ọmọ mi ti lọ. Dókítà sọ ọ́ kedere: èyí tó lọ kò ní padà, oògùn kíkán ni kí a fi di ọ̀tún mú, bóyá yóò dúró. Ọmọ mi kúrò ní iléèwé, ó ń bá mi jókòó sílé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù Ṣáínà tí mo ti fi tọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń rá. Mò ń wo fíìmù, mò ń wo òun náà. Bí àkítọ̀ bá ṣubú tí ọmọ mi sì rẹ́rìn-ín, ọkàn mi a balẹ̀: ó rí i. Bí mo ṣe ń díwọ̀n ojú rẹ̀ nìyẹn.

Ó mọ̀. Ó máa ń bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé èmi wá di fíìmù yín ni?”

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ sí Òkè-Ogbò, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kó fíìmù sí fláàṣì. Mo ní ti àtijọ́ ni mo fẹ́, èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín, tí a kò sì wò rí. Ó ní fíìmù ìjọ ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbà, àbí mo fẹ́ lọ bá ẹnìkan jà ni. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, iná wà, a jókòó. Olùkọ́ arúgbó kan ń fi ìgbálẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ káàkiri àgbàlá, ìkòkò ń fọ́, ìgbálẹ̀ ń dún pàù-pàù. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì wọlé. Nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, bí eré ṣe ń dún náà ni ikú ń dún. Bọ́ọ̀sì gbá arúgbó náà láyà, ó ré lu ìkòkò, ìkòkò fọ́, ó ṣubú gbì.

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu arúgbó náà. Mo wo ọmọ mi. Ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n gan-an, bí ẹni tó ń wò ó. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé gbogbo fíìmù tí a ti ń wò, ó ti mọ̀ wọ́n lórí. Ohun tó rántí ni mo fi ń díwọ̀n ohun tó rí.

“Mọ́mì, kí ni wọ́n ṣe?”

Mo ní, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀. Ó jókòó sínú garawa.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ẹkún akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń dún láti inú tẹlifíṣọ̀n.

Ó rọra ní, “Bàbá yẹn ti kú.”

Mo bi í pé láti ìgbà wo ni kò ti ríran mọ́. Ó ní ó ti lé ní oṣù méjì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

“Ẹ ti ń rí oorun sùn, Mọ́mì. Ní ọjọ́ tí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ máa ń sùn.”

A lọ rí dókítà ní ọjọ́ kejì. Kò dá wa dúró pẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ní kí n fi fíìmù òmíràn sí i, kí n máa sọ ọ́ fún òun bó ṣe ń lọ. Mo gbìyànjú. Mo ní àkítọ̀ gbé àga, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́ ọ, àga yí, ó gbá a nímú. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, n kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Ọmọ mi ń dúró de ibi tí ẹ̀rín wà. Nígbà tí mo fi sọ ọ́ tán, àkítọ̀ ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta mìíràn.

Ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kó máa dún bẹ́ẹ̀.”

Èmi nìkan ni mo wo ìyókù.