Abìjàwàrà àti Ọwọ́ Ọ̀gágun

Nígbà tí Abìjàwàrà fi ilẹ̀kùn irin há ọwọ́ ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gágun, gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ó yẹ ká mọ irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́, torí ìjà kì í ṣe àlejò nínú ayé rẹ̀.

Nínú ilé tí wọ́n ti bí i, bẹ́líìtì ni bàbá fi ń kí ọmọ káàárọ̀. Bàbá náà a máa na ìyàwó, a máa na ọmọ, bí ajá bá sì kọjá lásìkò yẹn, ajá náà á gba tirẹ̀. Abìjàwàrà ni àkọ́bí. Bí bàbá bá ti ń tú bẹ́líìtì, a ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sábẹ́ ibùsùn, a sì dúró níwájú ibùsùn náà. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yìn méjì pín, ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ń gbà á. Nígbà tó wá ga tó bàbá, ó já bẹ́líìtì náà gbà lọ́jọ́ kan, ó fi irin ẹnu rẹ̀ la bàbá níwájú orí. Bàbá ò nà án mọ́ títí tó fi kú. Ẹ̀kọ́ tí ọmọbìnrin náà sì mú kúrò níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lu ènìyàn ló ń rí oorun sùn. Nílé ìwé, lójú pópó, nídìí ẹ̀rọ omi, kí ẹ tó bú u tán, ẹ̀ṣẹ́ ti balẹ̀. Bó ṣe di Abìjàwàrà nìyẹn.

Géèmù ogun ló kọ́kọ́ mú un jókòó sójú kan. Yàrá kan wà tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà fún àwọn tó fẹ́ gbá géèmù, ibẹ̀ ló ti rí i pé ènìyàn lè pa odindi ọmọ ogun láìsí pé ìyá ẹnikẹ́ni sunkún. Àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ti gbó. Bí ogun bá ti gbóná, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, wọ́n á sì ti yìnbọn pa á kó tó rí ẹni tó pa á. Inú bí i títí, ló bá tú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà palẹ̀ kó lè mọ ohun tó ń ṣe é. Ọkùnrin tó ni yàrá náà máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ni ohun àkọ́kọ́ tí inú bí Abìjàwàrà sí tí kò fi ẹ̀ṣẹ́ gbá.

Bó ṣe kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti télọ̀ obìnrin kan tó dàgbà jù ú lọ, ó sì mú àbúrò rẹ̀ wá kí wọ́n jọ máa ṣe é. Òun ń to kọ̀ǹpútà, àbúrò ń gbé e lọ fún oníbàárà. Àwọn tó ń gbá géèmù ńlá ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a, torí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í wọ́, bó ti wù kí bọ́ǹbù pọ̀ tó lójú géèmù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún oníbàárà. Nínú kọ̀ǹpútà géèmù, káàdì tó ń ya àwòrán ni alájẹkì inú ilé. Àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní páwà ló ń pín iná fún òun àti àwọn yòókù. Bí páwà ò bá lágbára, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ bá ń kọ lẹ́tà tàbí tí ẹ̀ ń wo fíìmù. Ọjọ́ tí ogun bá le nínú géèmù, tí káàdì la ẹnu gbàǹgbà, ọjọ́ náà ni páwà á já iná gbogbo ilé, tí ojú kọ̀ǹpútà á dúdú. Á ní, "Ẹ má ra kìnnìún kẹ́ ẹ wá máa fi oúnjẹ adìẹ bọ́ ọ."

Ọ̀gágun gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbà á gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò tiẹ̀ ga, àmọ́ tó bá ti di máòsì mú, ìka rẹ̀ ò láfiwé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ kan tó ń díje nínú géèmù ogun, wọ́n sì ti dé ìpele àṣekágbá. Abìjàwàrà to kọ̀ǹpútà kan fún un tó dá a lójú. Páwà tuntun tó nípọn ló fi sí i. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà jagun láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, kò kọsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gágun fi padà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà yẹn kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù lo gbé e sí ni?"

"Rárá o. Orí tábìlì ló wà, lójú fèrèsé."

"Ó gbóná?"

"Kò gbóná. Ṣe ló kàn kú fin-ín nígbà tí ìbọn pọ̀."

Kí Abìjàwàrà tó ronú kan ọ̀rọ̀ náà, àbúrò rẹ̀ ti dáhùn láti inú. "Iná ilé yín ni kò dáa, bọ̀ọ́dá. Ẹ lọ tún un ṣe. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe dán an wò."

Ó dá Abìjàwàrà lójú pé bó ṣe rí nìyẹn. Òun ló dán an wò, ọmọ ìyá òun ló gbé e lọ, ta ló tún kù? Ó ní kí Ọ̀gágun lọ wá ẹni tó mọ̀ nípa iná wáyà. Ọmọ náà dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, gbọ̀ngàn kún fún èrò, kò sì sí ẹ̀sùn kankan tí wọ́n lè fi kan iná ibẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọ̀gágun ló ń borí. Nígbà tí àwọn ọ̀tá fọ́ ẹnubodè wọlé, tí iná ń sọ níbi gbogbo, ojú kọ̀ǹpútà Ọ̀gágun ṣú dùdù. Kó tó tàn án padà, wọ́n ti pa àwọn èèyàn rẹ̀ tán. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tutọ́ sí i láyà níṣojú gbogbo èèyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló gbé ẹ̀rọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí apá wọn tóbi. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ju kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ gbàmù, ó ní, "Ayédèrú lẹ tà fún mi."

Àbúrò ló wà níwájú. "O ò mọ ohun tí ò ń sọ," ló wí, ó sì gbá a létí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà gbé irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń bo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó là á mọ́ àbúrò lójú. Irin ọ̀hún mú bí ọ̀bẹ. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú àti ẹnu rẹ̀, ó wó lu tábìlì, síkíríìnì mẹ́ta sì bá a wó lulẹ̀. Abìjàwàrà ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jáde bí ẹkùn. Ó fi orí kan imú ẹni tó mú irin náà, ó fi orúnkún gbá ìkejì nísàlẹ̀ ikùn, ìyẹn sì ká kò bí ẹní. Ó ń ti wọn sóde, wọ́n ń fà á láṣọ ya. Nígbà tó rí ibi tó ti lè ti ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gágun na ọwọ́ ọ̀tún wọlé láti gbá a mú. Abìjàwàrà rí ọwọ́ náà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó rí i kedere, ó mọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́ àti ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe láyé, ó sì fi gbogbo ara ti ilẹ̀kùn náà.

Igbe tí ọmọ náà ké kò dà bí igbe ènìyàn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e, wọ́n sá lọ. Kọ̀ǹpútà náà ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Dókítà rán ojú àbúrò, ó ní ojú òsì ò ní ríran mọ́. Abìjàwàrà jókòó tì í ní ọsibítù, ó ń sọ pé òun ò tíì bá wọn parí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí i kú akin, inú rẹ̀ sì ń dùn díẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ lórí ọmọ ìyá ẹni, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀tọ́ ni.

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù láti gbálẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà Ọ̀gágun sórí tábìlì, ó sì ṣí i. Ó fẹ́ fi han gbogbo ayé pé ohun tí òun tò kò lábùkù.

Páwà inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó fi sí i. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń mọ bàtà rẹ̀ láàárín ogún bàtà. Èyí tó ti tẹ̀ ní igun ni, òun fúnra rẹ̀ ló fi òòlù nà án tọ́ kó tó sọ pé kò wúlò mọ́, tó jù ú sábẹ́ tábìlì. Kò sí ẹlòmíràn tó máa ń fọwọ́ kan abẹ́ tábìlì náà àyàfi òun àti àbúrò rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àfọ́kù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó bá àbúrò rẹ̀ nílé, tí báńdéèjì wé ìdajì orí rẹ̀.

"Níbo ni páwà tí mo fi síbẹ̀ wà?"

Nígbà tí àbúrò rí ojú rẹ̀, ó ní, "Mo ti tà á. Ẹ ti dán an wò tán, ta ló máa mọ̀? Mi ò rò pé wọ́n máa lò ó dé ibi tó le bẹ́ẹ̀."

"O gbọ́ nígbà tó ní ó ń kú."

"Mo gbọ́. Kí ni kí n wí? Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí wọ́n fi ojú mi ṣe. Ṣé kò tíì tó ni?"

Kò tó. Abìjàwàrà gbé e lọ́rùn kúrò lórí àga, ó là á mọ́ ògiri. Ó gbá a lẹ́nu, ó gbá a ní ìhà, nígbà tó sì ṣubú, ó kúnlẹ̀ lé e láyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un lọ́fun. Báńdéèjì tú, ẹ̀jẹ̀ tuntun ń ṣàn. Ọmọ náà ò jà padà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, sẹ́yìn, kó lè wọ abẹ́ ibùsùn.

Télọ̀, tó gbé ọbẹ̀ wá kí aláìsàn, ló bá wọn bẹ́ẹ̀. Ó gbá Abìjàwàrà mú láti ẹ̀yìn. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́: "Tú u sílẹ̀, ọmọ mi. Ó ń kú. Tú u sílẹ̀, o ti ṣe bí bàbá yín tó."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣí. Ó wo ibi tí àbúrò rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn, àti òun tó wà níwájú ibùsùn, ó sì jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá páwà tuntun mìíràn, ó fi sínú kọ̀ǹpútà náà. Ó tún irin ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ ṣe, ó fọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó sì jẹ́ kó jagun títí ó fi dá a lójú. Lẹ́yìn náà ló gbé e lọ sílé Ọ̀gágun. Télọ̀ ní kí òun tẹ̀ lé e, Abìjàwàrà ní rárá, ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ́ kì í mú alágbàwí lọ.

Ìyá Ọ̀gágun ló ṣílẹ̀kùn. Kò mọ̀ ọ́n, ó ní kó wọlé. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àga, wọ́n ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ inú símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń to egungun. Abìjàwàrà gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kò jókòó.

"Òótọ́ lo sọ," ló wí. "Wọ́n pààrọ̀ páwà rẹ̀ lẹ́yìn tí mo dán an wò. Àbúrò mi ni. O wá sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ọwọ́ rẹ nìyẹn, mo rí i kí n tó ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe èèṣì."

Ọ̀gágun dìde. Ó sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ó gbé ọwọ́ símẹ́ǹtì náà sókè, ó sì fi gbogbo agbára là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín méjì fò jáde. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ wó lulẹ̀ nítorí ìrora, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún.

Ẹ̀ṣẹ́ Abìjàwàrà ti dì kó tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, gbogbo ohun tó ti mọ̀ láti kékeré ń sọ fún un pé kó lù ú. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyá náà fi ti ìdáná sáré dé.

"Ta ni yín gan-an?" ni ìyá náà bi í.

"Èmi ni mo ṣẹ́ ọmọ yín lọ́wọ́, mà."

Ìyá náà wò ó, ó wo eyín tó wà nílẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jáde nílé mi." Ó jáde.

Ọwọ́ náà jiná, àmọ́ kò tọ́. Ìka méjì kì í ká dáadáa, Ọ̀gágun ò sì padà sí ìdíje mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ó ń gbá géèmù nílé, àti pé ẹ̀rọ náà kò kú mọ́. Àbúrò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé, ó ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan. Bí wọ́n bá pàdé, á kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àmọ́ á rí i pé ohun kan wà láàárín àwọn méjèèjì, ì báà jẹ́ àga lásán.

Abìjàwàrà ṣì ń to kọ̀ǹpútà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn lọ báyìí, á sì jókòó sílé oníbàárà títí ogun kan á fi jà parí lójú rẹ̀. Kò tíì lu ẹnikẹ́ni látìgbà náà. Kì í ṣe pé inú kì í bí i. Télọ̀ sọ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí òun máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, tí á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, gbàà, gbàà, gbàà, títí oníbàárà tó múnú bí i á fi lọ jìnnà.