Kànga Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Mo ṣì kéré, mi ò tíì wọ ilé ìwé, ní àárọ̀ tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ó sì ń yàgbẹ́ olómi láìdúró. Kí ó tó di ọ̀sán, èmi náà ti dùbúlẹ̀ tì í. Ìyá mi wò wá títí, ó ní, "Omi kànga yìí ni."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, Ìkẹ́rẹ́ ni wá, àpáta ló sì kún ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga á wá ibi tí ọkọ́ ti lè wọlẹ̀. Nílé tiwa, ẹ̀yìn balùwẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti rọ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń ṣàn sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi gbẹ́ ẹ sí. Inú agboolé dùn pé kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. A ò mọ̀ pé omi ìwẹ̀ wa náà là ń mu.

Wọ́n fa omi sí wa lára ní ọsibítù. Èmi padà wálé. Àbúrò mi kò wá.

Wọlé-wọlé tó wá yẹ ilé wa wò ní a kò gbọdọ̀ mu omi náà mọ́, àfi tí òun bá yẹ̀ ẹ́ wò tó mọ́. Ó ní kí omi ìwẹ̀ máa gba kòtò òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn kọjá lọ sí oko ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀, kí omi kànga máa gba inú àgbá yanrìn àti èédú, kí á sì máa sè é. Ìyá àgbà kan nínú agboolé rẹ́rìn-ín: "Omi tí àwọn bàbá wa mu dàgbà lẹ fẹ́ máa sẹ́ bí ògì nínú ulé yìí?"

Ìyá mi ò gbójú sókè. "Màmá, ẹ ti bá mi sin ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n máa sẹ́ ẹ."

Lónìí, wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀rọ omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣalángá, kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá omi ibẹ̀ mọ́. Bí mo bá bèèrè, wọ́n á ní ẹ̀rù ń bà mí jù. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́.

Ní ti kànga wa nígbà náà, ìgbà kẹta tí wọlé-wọlé gbé omi wa lọ yẹ̀ wò ló sọ pé ó ti mọ́. Síbẹ̀, ìyá mi dá mu ife kan, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa sì ń wo ojú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ohunkóhun kò ṣe é, ó bu díẹ̀ fún mi, ó ní, "Ó yá, wá mu."