Ọjọ́ Tí Mo Ki Bọ̀ọ̀dá Mi ní Gbọ̀ngàn Ilé-Ìwé

Àwọn tó mọ̀ mí ní kékeré ní Ọ̀fà á sọ fún yín pé mo lẹ́nu. Wọn ò purọ́. Tí wọ́n bá rán mi lọ ra ata, màá ti bá aláta fa ọ̀rọ̀ kí n tó gba ṣéńjì. Ìyá mi a máa ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ yìí á kó wa sí wàhálà lọ́jọ́ kan." Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé àwàdà ni nígbà náà.

Ọ̀dùnkún sísè ni ìyá mi ń tà ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ó ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́jọ ni bọ̀ọ̀dá mi fi jù mí lọ. Òun ló máa ń gbé mi kọ́rùn lọ sí ilé-kéú tí ẹrẹ̀ bá pọ̀ lọ́nà. Nígbà tó jáde ìwé mẹ́wàá, ó wá iṣẹ́ títí, kò rí, ló bá lọ wọ iṣẹ́ sójà. Ìyá mi sunkún, ó wá ní kí Ọlọ́run bá òun ṣọ́ ọ.

Láràárọ̀ tí bọ̀ọ̀dá mi bá wà nílé, á dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi. Ìyá mi ò sì ní jẹ́ kó dìde títí á fi kì í tán. "Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ìjàkadì lorò Ọ̀fà," á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, á dé orí ìran bàbá wa, á dé orí ti bọ̀ọ̀dá mi fúnra rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí i tí èjìká bọ̀ọ̀dá mi gbé sókè. Bó ti wù kí inú máa bí i tó, tí wọ́n bá ti kì í, ó tán. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ mi ní oríkì yẹn. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ títí tó fi wọ̀ mí lára.

Ó ku ọdún kan kí n jáde girama nígbà tí ogun abẹ́lé gbóná ní Làìbéríà. Rédíò ò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ ń pa ara wọn bí ẹni pa ẹran, wọ́n ní àwọn ọmọ Nàìjíríà há síbẹ̀, wọ́n ní ìjọba ológun wa fẹ́ kó sójà lọ pẹ̀tù sí i. Ọ̀fà bá pín sí méjì. Ní ìsọ̀ télọ̀ tó wà lójúde wa, níbi tí ènìyàn mẹ́wàá ti ń ka ìwé ìròyìn kan ṣoṣo, àwọn kan á ní, "Tí iná bá ń jó ilé aládùúgbò, ṣé a máa káwọ́ gbera ni?" Àwọn kejì á ní, "Ọ̀nà Ìlọrin ò ṣeé rìn, owó oṣù tíṣà ò jáde, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ tún ilé onílé ṣe!" Wọ́n á fà á, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Kò sì sí ẹni tó bi ìkankan nínú wa léèrè. Ìjọba ológun kì í bi ènìyàn. Ẹ̀yìn náà ni mo tó gbọ́ pé bí a ṣe ń jiyàn yẹn, àwọn sójà àkọ́kọ́ ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Àárín ariwo yìí ni bọ̀ọ̀dá mi wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń tiro. Ó ní bọ́ọ̀lù ni àwọn ń gbá ní bárékè tí ẹnì kan fi ta òun ní orúnkún. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà ìyá mi ló mú un lọ rí dókítà. Wọ́n ya fọ́tò orúnkún náà, dókítà sì kọ ìwé pé kò gbọdọ̀ rìn jìnnà, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo, fún oṣù mẹ́fà. Ó ní tó bá ti fi ìwé yẹn hàn wọ́n ní bárékè, wọn ò ní kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ. Kì í ṣe èrú o. Orúnkún náà wú, gbogbo wa la rí i, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná jó o ní alaalẹ́.

Ìyá mi fi ọ̀rá wé ìwé náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í bọ inú báàgì ọmọ rẹ̀, ó kírun ràkáà méjì lé e. Bọ̀ọ̀dá mi nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ó ní, "Màmá, wọ́n á ní mò ń sá ni."

Ìyá mi ní, "Kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sá tó wà láàyè, á tún gbọ́ èébú míì."

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ilé-ìwé wa fẹ́ bá ilé-ìwé kan láti Ìlọrin ṣe dìbéètì. Kí lẹ rò pé wọ́n fi ṣe é? Ǹjẹ́ ó yẹ kí Nàìjíríà rán ọmọ ogun lọ sí Làìbéríà, àbí kò yẹ? Tíṣà wa kọ "ó yẹ" sínú ìwé kan, ó kọ "kò yẹ" sínú èkejì, ó ká wọn, ó dà wọ́n sínú fìlà rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n mú. "Ó yẹ" ni mo mú. Ká ní "kò yẹ" ni mo mú ni, màá sọ ọ́ títí eruku á fi sọ. N kò gba ìkankan gbọ́ nínú méjèèjì. Mo kàn fẹ́ borí ni. Tí mo bá rántí ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fọ́ ọ létí.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nílé ayé ni? Ṣé ẹ ò lè jiyàn lórí ọkùnrin àti obìnrin mọ́ ni?"

Mo ní, "Màmá, eré ilé-ìwé lásán ni."

 Ó ń fọ ọ̀dùnkún rẹ̀ lọ.

Bọ̀ọ̀dá mi ló bá mi to ọ̀rọ̀ náà. A jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ń sọ, mò ń kọ, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ló yẹ kí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ológun. Mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wò mí, kó sì wọ aṣọ sójà wá. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo yọ ṣùtì, mo ní ó ti dáa, mo ti mọ̀ pé kò fẹ́ràn mi. Mo bínú débi pé n ò jẹun alẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i tó ń fi ayọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń jiyàn, ẹni tó bá sọ Yorùbá ti pàdánù máàkì. Mo kí àwọn adájọ́, mo kí ẹni tó ń ṣọ́ aago, mo sọ tèmi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin Ìlọrin bá dìde. Kò pariwo rárá. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló máa lọ? Ṣé ọmọ ọ̀gágun ni? Ọmọ tálákà ni. Ìyá ta ni yóò sunkún?" 

Wọ́n ní kí n fèsì. Mo dìde. Òótọ́ lọmọ yẹn sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Agogo dún pé ìṣẹ́jú kan ló kù. Mo wò ká bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, ojú mi bá bọ́ sí ara bọ̀ọ̀dá mi ní ìlà iwájú. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú nítorí orúnkún rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, kí n lè mọ́kàn le. Mo nàka sí i. Mo pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Mo ní, "Ẹ ní ta ló máa lọ? Ọmọ ìyá mi rèé!" Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

Háà! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọn kì í ki ọmọ Ọ̀fà láàárín èrò kó jókòó. Bọ̀ọ̀dá mi dìde. Kò di àga mú. Mo rí i tó fi eyín tẹ ètè, tó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, tó kí gbọ̀ngàn ní kíkí sójà. Ariwo ta. Àwọn tíṣà pàápàá dìde. Ọmọ Ìlọrin yẹn jókòó, ó ń wo ilẹ̀.

Wọ́n yọ máàkì nítorí Yorùbá tí mo sọ, síbẹ̀ a borí. Wọ́n fún mi ní fíláàsì pupa kan. Ní ìta, àwọn bàbá ń bọ bọ̀ọ̀dá mi lọ́wọ́, wọ́n ń ní, "Akọni! Ìgbà wo lẹ ń lọ?" Mo gbọ́ èsì rẹ̀ pẹ̀lú etí ara mi. Ó ní, "Láìpẹ́, sà." Mo rò pé ó kàn fi dá wọn lóhùn ni.

Ọjọ́ kẹta ló padà sí bárékè. Mò ń pọn omi lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú yàrá tó ń kì í. Ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bọ̀ọ̀dá mi jáde, ó fà mí létí, ó gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì.

Lẹ́yìn tó lọ, ìyá mi gbé ìrọ̀rí tí bọ̀ọ̀dá mi fi sùn kó lè gbálẹ̀. Ìwé dókítà ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Ìyá mi tí kì í jáde láìbo orí sáré já sí títì pẹ̀lú irun gbalasa, èmi náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé gáréèjì, wọ́n ní, "Ìyá, mọ́tò yẹn ti lọ." Ó dúró síbẹ̀, ó di ìwé náà mú, ó ń wo ọ̀nà. Ó wá ní kí á máa lọ sílé.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ sí wa láti ọ̀hún. Ó ní òjò wọn pọ̀ ju tiwa lọ, ó ní kí wọ́n bá òun kí ẹlẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, sójà méjì wá. Wọn ò gbé òkú wá. Èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú wọn sunkún bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní wọ́n ní kí àwọn sá ni, gbogbo àwọn sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbé e. A ṣe àdúà fídáù láìsí sàréè tí a lè tọ́ka sí. Láti ọjọ́ yẹn, n ò gbọ́ kí ìyá mi ki ẹnikẹ́ni mọ́. Kò bá mi wí rí. Fíláàsì náà wà lórí àpótí, eruku bò ó, kò sí ẹni tó bu omi sí i rí.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo di tíṣà. Bí wọ́n ṣe tún ń jiyàn ní ìsọ̀ télọ̀ pé kí wọ́n tún kó sójà lọ sí orílẹ̀-èdè kejì tó múlé ti Làìbéríà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ohùn wọn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ọ̀kan lára wọn ń pariwo pé ó yẹ, ó yẹ. N ò lè fara dà á mọ́. Mo wólẹ̀ sẹ́bàá ẹní ìyá mi, mo ní, "Màmá, èmi ni mo pa á. Ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

 Ó wá ní, "Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ yẹn, ìwé dókítà yẹn ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, 'Màmá, lónìí, ẹ má kì mí.' Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní irú ọmọ wo ló ń sọ pé kí wọ́n má ki òun? Mo kì í. Mo kì í títí dé ìparí."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ẹnu mi tó gbọ́n yìí ò là.