Òróró Lẹ́nu Fúláàṣì

Ìgbà kan wà láyé mi tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé kò sí kọ̀ǹpútà kan ní gbogbo Kàdúná tí yóò ṣe agídí tí n kò ní mú un bọ̀ sípò. Mo ti tún ti olùkọ́ kan ṣe ní Narayi, mo ti tún ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe, mo sì ti tún ti ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò lẹ́bàá ilé wa ní Kabala Costain ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà tirẹ̀ ló kàn yọ lára ògiri. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní dókítà kọ̀ǹpútà, èmi náà kò sì bá wọn jiyàn. Alángbá tó já láti orí ìrókò, tí kò rí ẹni yìn ín, ló mi orí yin ara rẹ̀. Èmi rí ẹni yìn mí, mo sì tún mi orí tèmi kún un.

Ní àkókò yìí ni mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ará ìpínlẹ̀ Kogi, tó ń gbé ní Malali nínú ọgbà tó ní mai gadi lẹ́nu géètì. Èmi jẹ́ ọmọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kabala Costain, ìyá mi sì ń ta aṣọ àlòkù tí à ń pè ní gwanjo. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ni ohun tí èèyàn ń jí lọ síbi rẹ̀ láàárọ̀, tó sì ní ọ̀gá níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe. Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó ní, "Mo gbọ́ pé o ní kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ wo lo ń ṣe?" Láti ọjọ́ náà, "ọ̀gbẹ́ni" ló ń pè mí. Kò pè mí lórúkọ, kò sì pè mí ní ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa wá jókòó sójú kan, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, ìyẹn sì ń jẹ mí lọ́kàn ju bí mo ṣe ń fẹnu sọ lọ.

Bí Ọlọ́run yóò ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin yìí, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Kánádà, bí ọmọkùnrin kan, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ nínú ilé náà. Ọjọ́ Sátidé ni ìsọmọlórúkọ bọ́ sí. Wọ́n ní bàbá gan-an ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọmọ láti Kàdúná, kí àwọn tó bá péjọ lọ́hùn-ún máa wo ojú rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà náà, fóònù tó ń gbé ojú èèyàn kò tíì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa. Kọ̀ǹpútà kékeré alágbèéká kan tí ẹ̀gbọ́n náà fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni gbogbo ilé gbójú lé. Àárọ̀ Sátidé náà gan-an ni bàbá tàn án, tó rí i pé ojú rẹ̀ dúdú, ìlà ọ̀rọ̀ funfun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó ń sọ pé òun kò rí ètò ìdarí kankan. Ètò ìdarí yìí ló ń jí kọ̀ǹpútà, tó sì ń sọ ohun tó máa ṣe fún un. Bí kò bá sí níbẹ̀, irin lásán ni.

Olólùfẹ́ mi pè mí lórí fóònù. "Jọ̀ọ́, máa bọ̀ kíá," ó ní. "Dádì ti wọ agbádá, wọ́n wá ń rìn yí ká pálọ̀." Mo ní kó sọ fún wọn kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé kí omi tí wọ́n gbé kaná tó hó, màá ti ṣe é tán. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo kó àwo síìdì tí ètò ìdarí wà nínú rẹ̀ sínú àpò, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Malali. Mai gadi wọn, bàbá Hausa kan tó fẹ́ràn àwàdà, ṣí géètì fún mi. "Mai kwamfuta!" ó kí mi. "Yau za ka gyara?" Ó ń bi mí bóyá òní ni màá tún un ṣe. Mo dáhùn pé, "Yanzu-yanzu!" pé nísinsìnyí báyìí ni, mo sì ń fi ìgbéraga rìn kọjá.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Mo wo apá ọ̀tún rẹ̀, n kò rí ibi tí síìdì ń gbà wọlé. Mo wo apá òsì. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo tún wo apá ọ̀tún, bóyá ó ti hù síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kéré débi pé àwọn tó ṣe é kò fún un ní ihò síìdì rárá, n kò sì rí irú rẹ̀ rí.

"Kí lò ń wá, ọ̀gbẹ́ni?" bàbá bi mí.

"Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, sà."

"Ó ti pẹ́ tó o ti ń yí i padà o. Kì í ṣe iṣu sísun."

Mo ní irú èyí, fúláàṣì là ń lò fún un, bí ẹni pé mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé. Fúláàṣì ni nǹkan tó tó ìka kan yẹn, tí à ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà; ó lè gbé ètò ìdarí dípò síìdì. Bàbá ní kí n mú un jáde. N kò mú ọ̀kan wá. A túlé, a tú àpò, a kò rí. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò: nínú kíṣìnì ni rédíò kékeré kan ti ń wàásù láti àárọ̀, irú rédíò tí wọ́n ń tà káàkiri Kàdúná, tó jẹ́ pé fúláàṣì tí wọ́n kì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ti ìyá olólùfẹ́ mi ni. Ìyá ìjọ ni màmá náà, kò sì sí ọjọ́ tí ìwàásù kì í dún nídìí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo ṣàlàyé pé a ó kó àwọn ìwàásù náà jáde pamọ́ sí ibòmíràn, kí àyè lè wà fún ètò ìdarí, lẹ́yìn náà a ó dá wọn padà. Màmá ronú sí i. "Nítorí ọmọ tuntun ni," ó ní, ó sì yọ ọ́ fún mi. "Ṣùgbọ́n bó o bá mú un dé, kó o kọ́kọ́ mú un wá fún mi o. Ilé tí wọ́n bá kó Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jáde nínú rẹ̀, a kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn." Mo ní ó dára, mà. N kò bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Mo sáré padà sí Kabala Costain, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Nígbà tó gbọ́ pé síìdì ni mo gbé lọ bá kọ̀ǹpútà náà, ó fi orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín. "Haba! Dókítà!" Ó kó ìwàásù màmá sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó gbé ètò ìdarí sórí fúláàṣì, ó sì fi bọ́tìnnì kan hàn mí lókè pátápátá, tí mo gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ léraléra bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń jí, títí yóò fi gbà láti wo inú fúláàṣì. Oòrùn ti ń yẹ̀ kúrò lórí nígbà tí mo padà dé Malali.

"Ka gama?" mai gadi bèèrè, ṣé mo ti parí.

"Saura kaɗan," mo ní, ó kù díẹ̀. Ohùn mi kò le mọ́ bíi ti àárọ̀.

Màmá ti ń dúró dè mí nínú pálọ̀ pẹ̀lú ìgò òróró ólífì. Ó gba fúláàṣì lọ́wọ́ mi, ó ní kí gbogbo wa dìde. Ó gbàdúrà pé kí ohun búburú kankan má ṣe rí àyè wọ inú ilé òfìfo náà, ó da òróró sí ìka, ó sì fi kun ẹnu irin fúláàṣì náà, inú àti ìta, kò fi ibì kankan sílẹ̀. Mo ń wò ó, mo sì mọ̀ pé ẹnu irin yẹn kò fẹ́ òróró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́yàwó rí, ẹ gbà mí: ta ni yóò di ọwọ́ ìyá ìyàwó mú lórí àdúrà? Ta sì ni yóò gbé aṣọ, kó máa nu òróró àdúrà nù lójú ẹni tó dà á? Àìníṣẹ́ kò lè ba ìgbéyàwó jẹ́ tó ìyẹn. Àmín tèmi ló lọ sókè jù.

Mo ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ pẹ̀lú òróró lára rẹ̀. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń pa kòkòrò. Ojú rẹ̀ dúdú. Mo pa á, mo tún tàn án. Ìlà funfun kan ṣoṣo náà ló tún jáde. Màmá gbé orin, olólùfẹ́ mi ń gbè é, mo sì tún tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí kò sí ìyàtọ̀, màmá tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìgò rẹ̀. "Ṣé kí n fi díẹ̀ kún un?" ó bi mí.

"Ó ti tó, mà," mo ní. "Ó ti tó gan-an."

Bàbá wo aago ara ògiri, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orókùn. "Ọ̀gbẹ́ni," ó ní, láìbínú, "bí kò bá ṣeé ṣe, sọ fún wa. Màá ní kí bàbá ọkọ ìyá ọmọ pe orúkọ náà. Òun wà lọ́hùn-ún." Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ọkùnrin tó ti ń wo ara rẹ̀ nínú dígí láti àárọ̀ kùtù, tó ti ń fi orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ahọ́n, ló ń gba kámú lójú mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ̀ pé bí ó bá bọ́ agbádá yẹn, n kò tún ní ẹnu láti fi tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

"Sà," mo ní, "mo mọ ohun tó ń ṣe é. N kò lè sọ ọ́ ni."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀wọ̀ ni, sà."

Ó wò mí. Ó wo fúláàṣì tó ń dán yinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó wo ìgò ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. "Mọ́mì," bàbá pè é, "àwọn ọba tí wọ́n ń fi òróró yàn nínú Bíbélì, ibo ni wọ́n ń da òróró náà sí?"

"Orí ni."

"Ẹnu eléyìí lo fi òróró dí. Báwo lo ṣe fẹ́ kó sọ̀rọ̀?"

Mo fẹ́ wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan. "Kai! Ẹ ò sì sọ̀rọ̀! Ìwọ náà dúró, ò ń ṣe àmín!" Ó wọ yàrá lọ mú sípíríìtì àti òwú wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹnu fúláàṣì náà mọ́ tónítóní. A dúró kó gbẹ. Kí ó má baà jẹ́ pé Bìlísì jàre, ó ta ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn ìdérí kọ̀ǹpútà, ó ní orí rẹ̀ nìyẹn. N kò bá a jiyàn.

Mo tún tàn án, mo tẹ bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Bàbá fa àga mọ́ mi. Bí ètò ìdarí náà ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń bi mí ní ìbéèrè: kí nìyí, kí ló ń ṣe báyìí, kí ló dé tó dúró? Mo ń dá a lóhùn, ó sì ń mi orí. Ìgbà tó wọlé tán, tí a so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ojú àwọn ará Kánádà jáde, gbogbo ilé pariwo. Ìgbà náà la rí i pé kò ní ohùn. Wọ́n ń la ẹnu lọ́hùn-ún, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ètò ohùn jẹ́ ohun mìíràn tí a tún gbọ́dọ̀ wá fún un, kò sì sí àkókò mọ́. Olólùfẹ́ mi ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè wá lórí fóònù lásán. Bàbá sì di fóònù mú létí, ó dojú kọ kọ̀ǹpútà, ó pe orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohùn tó ní. A rí wọn tí wọ́n ń fi ìka hàn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín: ohùn bàbá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ètè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Omijé ń bọ́ lójú màmá, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Màmá pe orúkọ tirẹ̀ fún ọmọ. Olólùfẹ́ mi náà pe orúkọ kan. Mo ti fà sẹ́yìn sẹ́bàá ògiri, nítorí ẹbí ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá yíjú, ó na fóònù náà sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Orúkọ wo lo fún ọmọ?"

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo wo ilé náà, mo wo òróró, mo wo kọ̀ǹpútà tí kò ní ohùn, mo wo bàbá tó ń dúró de ìdáhùn mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Olúwadámiláre." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara àga mú.

Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí. Nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n pè lọ́jọ́ náà, Dámiláre ló lẹ̀ mọ́ ọn, kì í sì í ṣe èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá sí Kàdúná fún ìsinmi, lẹ́yìn tí bàbá àgbà rẹ̀ ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa, ó bi ìyàwó mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀sùn kí ni wọ́n fi kan ọkọ rẹ̀ tí Ọlọ́run fi ní láti dá a láre. Ìyàwó mi ní kó wá bi mí fúnra rẹ̀. Mo sọ ìtàn náà fún un, ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, ó sì ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo fún òun lórúkọ náà lóòótọ́.

Mo ní èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi kéré débi pé wọn kò gbọ́ lọ́hùn-ún. Bàbá àgbà rẹ̀ ló gba fóònù padà, tó pariwo rẹ̀ sí wọn léraléra. Nígbà tí wọ́n bèèrè pé ta ló fún un, ó ní, "Ọmọ mi ni."